Ilé ìpọntí Cantillon: Níbi tí afẹ́fẹ́ ìlú Brussels ti ń bá ènìyàn pọn ọtí

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá ní ìsinmi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò ṣòro fún wọn láti dé Brussels, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá láti ibùdókọ̀ St Pancras máa ń débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò sì máa ń sáré lọ wò níbẹ̀ kò lọ títí: gbàgede Grand-Place tó kún fún àwọn ilé àtijọ́, ère ọmọdékùnrin tó ń tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Manneken Pis, Atomium tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1958, àti àdúgbò Matongé tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí. Tí wọ́n bá ti wo ìwọ̀nyí tán, tí wọ́n ra ṣokoléètì sínú báàgì, ilé ti yá nìyẹn.

Ibì kan wà tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n sọ̀ sí gan-an, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn débẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kì í yà sí. Ó wà ní òpópónà Gheude ní àgbègbè Anderlecht. Tí ènìyàn bá ń kọjá lọ lójú pópó, ilé náà kò yàtọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lásán. Ilé ìpọntí Cantillon ni, ìdílé kan náà ló sì ti ń darí rẹ̀ láti ọdún 1900 títí di òní. Ẹni tó bá rò pé ọtí nìkan lòun wá mu níbẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò rí i pé ọtí kan lè jẹ́ ọmọ bíbí ilé kan, afẹ́fẹ́ kan àti àsìkò kan nínú ọdún, tí kò sì ṣeé bí síbòmíràn. Yóò tún mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn àlejò bíi tirẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọtí náà pa rẹ́.

Kí àlejò tó wọlé, ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé ìpọntí oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Cantillon àti ilé iṣẹ́ ọtí bíà ńláńlá. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ìgò tí wọ́n dé lónìí má yàtọ̀ sí èyí tí wọn yóò dé ní ọdún tó ń bọ̀, yálà Èkó ni wọ́n ti pọn ọtí náà ni o, tàbí ìlú mìíràn. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe àgbá wọn, ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù ló ń ṣọ́ ooru àti òtútù, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọtí sì ti ṣe tán. Ní ilé oníṣẹ́ ọwọ́, ìwọ̀nba ni ọtí tí wọ́n ń pọn, ojú àti imú ẹni tó ń pọn ọn ló ń sọ bó ṣe ń lọ, kò sì sí ẹni tó ń bínú pé ti ọdún yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èṣí.

Cantillon tún wá lọ jìnnà ju ọ̀pọ̀ ilé oníṣẹ́ ọwọ́ lọ nínú ohun kan, ohun náà sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: fún ọtí lambic tí wọ́n ń pọn, ẹnikẹ́ni kì í fi ìwúkàrà sí i.

Ìwúkàrà yìí ni ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Láìsí i, omi ọkà dídùn lásán ni bíà ì bá jẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn apọntí kò mọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1876 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde, níbi tó ti ṣàlàyé iṣẹ́ tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín ń ṣe nínú ọtí àti bí àwọn mìíràn ṣe ń bà á jẹ́. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ Carlsberg ní Copenhagen rí ọ̀nà láti ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kí ó sì máa sìn ín fún lílò. Láti ìgbà náà, apọntí lè yan ìwúkàrà tó bá wù ú bí àgbẹ̀ ṣe ń yan irúgbìn, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìyókù síta.

Àwọn apọntí lambic ní Brussels àti ní àwọn abúlé tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ ni, wọ́n sì jẹ́ kí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ wọlé wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí lè ya òyìnbó lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu rárá. Ta ló ń fi ìwúkàrà sí ẹmu? Adẹ́mu gun ọ̀pẹ, ó so akèrègbè rẹ̀ mọ́ ibi tó dá, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kí ó tó padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára akèrègbè àti lára àwọn kòkòrò tó ń rà bàbà níbẹ̀ ti bá oje ọ̀pẹ pàdé, ẹmu sì ti ń hó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Bí ó ti rí nípa ẹmu ni ó rí nípa ògì àti gàrí pẹ̀lú, nítorí kò sí ìyá tó ń ra ohun tó ń mú ògì kan lọ́jà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín adẹ́mu àti apọntí Cantillon ni pé ẹmu ọ̀pẹ kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, nígbà tí àwọn ará Brussels ti rí ọ̀nà láti jẹ́ kí tiwọn dúró fún ọdún mẹ́ta nínú àgbá, kí ó sì tún pẹ́ sí i nínú ìgò.

Bí àlejò bá ti san owó ìwọlé, wọn yóò fún un ní ìwé pélébé tó ní àlàyé nínú, yóò sì máa tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá. Kò sí gíláàsì tó pààlà láàárín rẹ̀ àti iṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tí yóò rí níbẹ̀, tí bẹ́líìtì gígùn ń yí, kì í ṣe ohun tí wọ́n kó kalẹ̀ fún ìran wíwò. Àwọn gan-an ni wọ́n ṣì fi ń ṣiṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ ìpọntí, láti àárọ̀ kùtù, nǹkan bíi 1,300 kílò ọkà tí wọ́n ti lọ̀ ni wọ́n máa ń dà sínú agbada ńlá kan. Ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọkà báálì tí wọ́n ti rẹ sómi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n sì fi ooru gbẹ. Ìdá 35 yòókù jẹ́ àlìkámà tí wọn kò mú hù. Àwọn ìyá tó ń fi àgbàdo pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílẹ̀ Yorùbá mọ ìdí tí wọ́n fi ń mú ọkà hù, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Ọkà tó bá ti hù ló ní agbára láti sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, wọn yóò sẹ́ omi dídùn náà kúrò lára èérí ọkà. Bí èérí ògì kì í ti í ṣòfò nílé, bẹ́ẹ̀ ni ti ibẹ̀ kì í ṣòfò. Oúnjẹ màlúù ni.

Omi ọkà náà yóò wá gòkè lọ sínú ìkòkò bàbà ńlá, níbi tí wọn yóò ti sè é fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú họ́ọ̀pù. Họ́ọ̀pù yìí jẹ́ òdòdó ewéko kan tó máa ń fún bíà ní kíkorò rẹ̀. Ní ibòmíràn, họ́ọ̀pù tuntun tó ń ta sánsán ni wọ́n ń wá. Ní Cantillon, èyí tó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí pé bó bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀, kíkorò rẹ̀ yóò ti lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti dènà àwọn bakitéríà tó lè ba ọtí jẹ́ ṣì wà. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún afẹ́fẹ́ ní olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Láti ibẹ̀, àtẹ̀gùn yóò gbé àlejò dé òkè àjà, lábẹ́ òrùlé gan-an. Ibẹ̀ ni ọkàn ilé náà wà. Ọpọ́n ńlá kan ló tẹ́ sílẹ̀, pẹrẹsẹ, kò jìn, bàbà tó pupa bí wáyà iná ni wọ́n fi ṣe é, ó sì fẹ̀ tó bí yàrá. Nǹkan bíi 7,500 lítà omi ọkà tó ń ru gùdù ni wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpọntí. Wọn kò ní dé e. Afẹ́fẹ́ òru yóò máa gba àárín àwọn pákó ara ògiri àti òrùlé wọlé, yóò máa fẹ́ lórí omi náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá fi máa di àárọ̀, ooru rẹ̀ yóò ti wálẹ̀ sí ìwọ̀n 18 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn ìwúkàrà àti bakitéríà inú afẹ́fẹ́ àti ara igi òrùlé yóò sì ti bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìwúkàrà tó gbajúmọ̀ jù nínú lambic ń jẹ́ Brettanomyces bruxellensis, láti ara orúkọ ìlú Brussels sì ni àwọn onímọ̀ ti fa apá kejì orúkọ náà yọ.

Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọtí yìí kò lè ní orúkọ mìíràn ju ti ilé tó bí i. Bí wọ́n bá gbé ọkà kan náà, omi kan náà àti ọpọ́n kan náà lọ sí ìlú mìíràn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò fi ohun tirẹ̀ sí i, ọtí mìíràn ni yóò sì jáde. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tọ́jú ilé náà fi ń ṣọ́ra láti má ṣe tú nǹkan kan níbẹ̀ láìnídìí. Wọn kì í pa aláǹtakùn. Ẹni tó bá gbé ojú sókè yóò rí okùn wọn tó ta ká orí igi àti àárín àwọn àgbá. Àlejò tí kò mọ̀ lè pè é ní ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni aláǹtakùn ń ṣe níbẹ̀. Wọn kò lè fọ́n oògùn apakòkòrò síbi tí ọtí ti ń gba ohun gbogbo tó wà nínú afẹ́fẹ́ sára, èso àti ṣúgà sì máa ń fa kòkòrò. Aláǹtakùn ló ń bá wọn mú àwọn kòkòrò wọ̀nyí jẹ.

Lẹ́yìn òkè àjà ni yàrá àwọn àgbá onígi. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú wáìnì rí níbòmíràn. Òórùn igi àti ti ọtí tó ń kan díẹ̀díẹ̀ ló gba gbogbo ibẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá ti rọ omi ọkà sínú àgbá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó yóò sì máa tú jáde láti ojú ihò. Bí ìyẹn bá ti rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn yóò dí ihò náà, ìdúró gígùn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Igi ń mí, nítorí náà ọtí ń gbẹ. Láàárín ọdún mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó wà nínú àgbá yóò ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọn kì í rọ òmíràn lé e, nítorí pé ìwúkàrà ti ta awọ fẹ́lẹ́ kan bo ojú ọtí náà, awọ yìí ni kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bà á jẹ́.

Àgbá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, bí ọmọ ìyá kan náà ṣe ń yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tó le jù fún ọ̀gá apọntí ni láti tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó sì pa èyí tó ti lo ọdún kan, ọdún méjì àti ọdún mẹ́ta pọ̀. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta ló ní ìjìnlẹ̀ adùn, ṣùgbọ́n ó ti jẹ gbogbo ṣúgà rẹ̀ tán, kò sì hó mọ́. Èyí tó lo ọdún kan ṣì ní ṣúgà díẹ̀. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀ sínú ìgò, tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì dé e, tí wọ́n sì tẹ́ ìgò náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ṣúgà ti èwe yóò mú ti àgbà hó padà. Gueuze ni orúkọ ọtí tí wọ́n pa pọ̀ báyìí, ó sì máa ń hó nínú ìgò bíi ṣáḿpéènì. Wọ́n tún ń pọn kriek, èyí tí wọ́n máa ń rẹ èso ṣẹ́rì pupa sínú rẹ̀, nǹkan bíi 200 gíráàmù èso fún lítà kan.

Ní òpin ìrìn náà ni wọn yóò fún àlejò ní ife láti tọ́ ọtí wò. Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń yí pọ̀. Ẹni tó ti mọ bíà inú fíríìjì láti ilé yóò kọ́kọ́ rò pé ọtí náà ti bàjẹ́, nítorí pé ó kan. Kò dùn bíi máltínà, kò sì korò bíi bíà dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mu omi ògì kíkan rí, tàbí tó mọ bí ẹmu àná ṣe ń rí lẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ yóò tètè mọ ọ̀nà. Kí ó má ṣe gbé e mì wàrà. Bó bá jẹ́ kó dúró díẹ̀ lẹ́nu, yóò rí òórùn igi, ti èso ọsàn wẹ́wẹ́, àti ti koríko gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Agbára ọtí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti bíà tí àwọn ènìyàn mọ̀.

Kíkan yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọtí náà. Nígbà tí Paul Cantillon àti aya rẹ̀, Marie Troch, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1900, ilé ìpọntí tó wà ní Brussels lé ní ọgọ́rùn-ún. Lákọ̀ọ́kọ́, ọtí lambic tí àwọn ẹlòmíràn pọn ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń pa pọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń parí lọ ni ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tiwọn fúnra wọn, lásìkò tí Robert àti Marcel, àwọn ọmọkùnrin Paul, ti wà nídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ayé yí padà. Bíà aláwọ̀ wúrà tí kò kan, tó sì tutù nini, gba ọjà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò dídùn kọ́ ahọ́n àwọn ọ̀dọ́. Àwọn apọntí kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà sí gueuze kí ó lè tà. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀kùn wọn pa.

Nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1960, Marcel Cantillon ti ń darúgbó. Jean-Pierre Van Roy, ẹni tó fẹ́ Claude ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Van Roy kọ̀ láti fi ṣúgà sí ọtí náà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kọ̀ láti yí padà, tí àwọn oníbàárà sì ti yí padà, ta ni yóò ra ọjà rẹ̀? Ní ọdún 1978, ó ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ apọntí kò ronú kàn lásìkò náà. Ó sọ ilé ìpọntí náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìdá iṣẹ́ dúró, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó. Ohun tí ó rí ni pé ènìyàn kì í sábà fẹ́ràn ọtí kíkan kí wọ́n tó mọ ìtàn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gun òkè àjà, tí wọ́n rí ọpọ́n bàbà àti aláǹtakùn, tí wọ́n gbọ́ òórùn àgbá, ife tí wọn yóò gbé lẹ́yìn náà kò ní jọ ọtí tó bàjẹ́ lójú wọn mọ́. Owó ìwọlé ran ilé náà lọ́wọ́, ẹnu àwọn tó wá sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí òkèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Cantillon nìkan ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo ilé ìpọntí àtijọ́ ìlú Brussels, kí àwọn tuntun bíi Brasserie de la Senne àti Brussels Beer Project tó dìde ní ọ̀rúndún yìí. Lónìí, Jean Van Roy, ọmọ Jean-Pierre, ló ń darí iṣẹ́, àwọn ènìyàn sì ń ti Amẹ́ríkà àti Japan wá láti ra ìgò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu mìíràn tún ti yọjú, èyí tí ilẹ̀kùn ṣíṣí kò lè yanjú. Òtútù ni lambic nílò. Òru tí wọ́n bá máa tú omi ọkà sí ọpọ́n gbọ́dọ̀ tutù tó. Èyí tó dára jù ni kí ó wà láàárín ìwọ̀n 3 sí abẹ́ òdo àti ìwọ̀n 8 lókè rẹ̀. Bí òru bá móoru jù, omi náà kò ní tètè tutù, àwọn bakitéríà tí kò yẹ yóò sì gba ibẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í pọn ọtí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé láti ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, òru móoru ní Brussels débi pé Jean Van Roy ní láti fagi lé àwọn ìpọntí kan. Ó ṣàlàyé nígbà náà pé bàbá àgbà òun máa ń pọn ọtí láti àárín oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n pé òun kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti wà nídìí iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá lè tan ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù kí ọ̀rọ̀ parí. Ní Cantillon, ojú ọ̀run ni ẹ̀rọ náà. Ayé tó ń gbóná ń gé ọjọ́ iṣẹ́ wọn kúrú, ohun tí ogun àti ṣúgà kò lè pa ní ọgọ́rùn-ún ọdún lè di ohun tí ooru yóò pa.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tó yẹ ní mímọ̀. Àsìkò òtútù ló dára jù, nítorí pé ìgbà náà nìkan ni ènìyàn lè bá wọn lẹ́nu ìpọntí, kí ó sì rí èéfín tó ń rú gòkè àjà. Ṣùgbọ́n kí ó wọ aṣọ tó nípọn àti bàtà tó di ilẹ̀ mú, nítorí pé ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ sì máa ń rin. Kí ó yẹ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbéra, kí ó má baà lọ bá ilẹ̀kùn títì. Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé físà Bìrìtìkó kò tó fún Bẹ́ljíọ̀mù. Físà Schengen ni yóò gbà. Òfin Bẹ́ljíọ̀mù kò gbà kí wọ́n ta bíà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀, ìlera rẹ̀ tàbí oyún kò jẹ́ kó mu ọtí kò pàdánù nǹkan kan, nítorí ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, ojú àti imú ni wọ́n fi ń mu ún. Ẹni tó bá sì mu kí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò jìnnà.

Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO fi àṣà ọtí bíà ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kún àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, àkọsílẹ̀ kan náà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà láti ọdún 2008. Èyí fi hàn pé kì í ṣe orin, ijó àti ọfọ̀ nìkan ni àjogúnbá. Ọwọ́ tó mọ bí nǹkan ṣe ń hó àti bó ṣe ń kan náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1949 tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó, bíà inú ìgò ti gba ibi ayẹyẹ, ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò sì wọ́pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn adẹ́mu ń darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ń gun ọ̀kadà dípò ọ̀pẹ. Ohun tí ìdílé kan ní Brussels fi gba iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kì í ṣe owó rẹpẹtẹ tàbí àṣẹ ìjọba. Wọ́n jẹ́ kí àlejò wọlé wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, láìfi nǹkan kan pamọ́ àti láìyí nǹkan kan padà nítorí rẹ̀. Ìdílé adẹ́mu tàbí ìyá aláṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì lè ṣe irú rẹ̀, bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń wọkọ̀ ojú irin lọ sí Brussels bá lè yà sílé rẹ̀ náà nígbà tí wọ́n bá wálé fún ìsinmi.